Orí Keje: Ẹnu Òṣèré àti Ojúbọ Ẹlẹ́sìn

Bí ènìyàn bá wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní Aláúsá ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí ìrun bá kù díẹ̀, yóò rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan jáde, tí ẹlòmíràn ti ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè láti ṣe àlùwàlá, tí ẹlòmíràn sì ń yára kí ó lè rí àyè ní sàfù iwájú, wọ́n ń wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí ńlá tó wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní Chapel of Christ the Light kò sì jìnnà, níbi tí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́ ẹlẹgbẹ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́ ti ń jọ́sìn. Ọ́fíìsì gómìnà wà ní Aláúsá yìí kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àṣà àti iṣẹ́ ọnà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sì kọjá díẹ̀ sí Agídìngbì yóò dé New Afrika Shrine, èyí tí Fẹ́mi àti Yẹni, àwọn ọmọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, ṣí ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, níbi tí orin ti ń dún wọ òru, orin tí kò yọ àlùfáà sílẹ̀, tí kò yọ lèmọ́mù sílẹ̀, tí kò sì fi gómìnà ṣe ọ̀rẹ́. Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìkẹjà kò fẹ̀ tó ojú ọ̀run, ẹyẹ ibẹ̀ sì pọ̀.

Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ará òkèèrè ni a fẹ́ sọ nínú orí yìí nígbà tí a bá béèrè pé níbo ni òmìnira òṣèré, olórin, ayàwòrán àti agbẹ́gilére parí sí, níbo sì ni ọ̀wọ̀ tó yẹ kí á bù fún ohun mímọ́ ọmọnìkejì wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn kan tí ohùn ìjọba ti Aláúsá fúnra rẹ̀ dá sí wà nílẹ̀, a ó sì dúró tì í dáadáa kí á tó wo àwọn yòókù.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2023 ni fíìmù kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Gangs of Lagos, tí Jadesola Osiberu darí, jáde lórí Prime Video, èyí tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Amazon. Ìtàn àwọn ọmọ ìta Ìsàlẹ̀ Èkó ni, pẹ̀lú ìbọn àti ìdà, àti àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń rán ọmọ ọlọ́mọ níṣẹ́ ikú. Nínú rẹ̀, àwọn apànìyàn gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ̀, wọ́n sì fi ìbòjú Ẹ̀yọ̀ bo iṣẹ́ ibi wọn mọ́lẹ̀.

Ẹni tí kì í ṣe ọmọ Èkó lè sọ pé eré ṣá ni, kí ló wá di ariwo? Ẹni náà kò mọ ohun tí Ẹ̀yọ̀ jẹ́ ni. Eré Adámú Òrìṣà kì í ṣe ọdún tó ń bọ̀ lọ́dọọdún bí Kérésìmesì. Ìgbà tí ọba bá wàjà, tàbí tí ènìyàn ńlá kan bá papò dà, ni Èkó Àkéte ń gbé e jáde láti fi sin ẹni náà dé ibi tí àwọn baba ńlá wà, àkọsílẹ̀ sì fi hàn pé wọ́n gbé e jáde ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1854 nítorí Ọba Akítóyè. Agbádá funfun ni Ẹ̀yọ̀ ń wọ̀, pẹ̀lú àrópalẹ̀ tó ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé e, ìbòjú funfun tí kò jẹ́ kí á rí ojú rẹ̀, akẹtẹ̀ lórí, ọ̀pámbàtà lọ́wọ́. Àwọ̀ akẹtẹ̀ ni a fi ń mọ ìgà tó ti jáde: dúdú ni ti Adímú tó jẹ́ olórí wọn, pupa ni ti Lábà, ti Oníkò jẹ́ yẹ́lò, ti Ológèdè jẹ́ àwọ̀ ewé, ti Àgẹ̀rẹ̀ sì jẹ́ elésè àlùkò. Ní ọjọ́ náà, a kì í wọ bàtà lọ pàdé Ẹ̀yọ̀, a kì í gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà níwájú rẹ̀, a kì í mu sìgá, obìnrin kì í sì di irun ṣùkú jáde. Ẹni tó bá ṣe é, ọ̀pámbàtà ni yóò fún un lésì, ẹni tó bá sì ti jẹ ọ̀pámbàtà lẹ́ẹ̀kan kì í béèrè ìdí mọ́. Ohun tí a ń wí ni pé aṣọ funfun yẹn kì í ṣe ìlò eré lásán lójú àwọn tó ni ín. Bí eégún ẹni bá jó re, orí a máa yá ni. Bí wọ́n bá wá fi eégún ẹni ṣe jàgùdà lójú gbogbo ayé ńkọ́?

Ìyẹn ni ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ṣe fárígá, tí Kọmíṣánnà fún Ìrìn-àjò Afẹ́, Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà nígbà náà, Uzamat Akinbile-Yussuf, sì fi gbólóhùn ìjọba ṣọwọ́ pé àwòrán tí fíìmù náà ya Ẹ̀yọ̀ kò bójú mu, ó sì tàbùkù àṣà Èkó. Ọ̀ràn náà dé ilé ẹjọ́, ó sì parí sí ìpẹ̀tù-sí-aáwọ̀ lẹ́yìn ọdún bíi méjì, tí àwọn tí ó ṣe fíìmù náà tọrọ àforíjì ní gbangba ní ọdún 2025.

Ohun kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ rò nínú ọ̀ràn yìí. Ẹni tó bá gbèjà fíìmù náà lè sọ pé kò sí ibi tí wọ́n ti wí pé Ẹ̀yọ̀ ń pànìyàn. Ohun tí wọ́n wí ni pé apànìyàn lè gbé aṣọ Ẹ̀yọ̀ wọ̀, ìyàtọ̀ sì wà láàrin méjèèjì gẹ́gẹ́ bí ó ti wà láàrin kí á wí pé pásítọ̀ jẹ́ olè àti kí á wí pé olè wọ aṣọ pásítọ̀. Mo gbà pé ìyàtọ̀ náà wà. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tó jókòó síwájú fíìmù yẹn mọ̀ ọ́n, nítorí ó ti rí Ẹ̀yọ̀ tòótọ́ rí, tàbí baba rẹ̀ ti sọ fún un, ó sì mọ̀ pé aṣọ tí wọ́n jí ni àwọn ọ̀daràn wọ̀. Ṣùgbọ́n fíìmù yẹn kò dúró ní Ìdúmọ̀tà. Àwọn ènìyàn kàkiri ayé tí wọn kò gbọ́ orúkọ Ẹ̀yọ̀ rí ló wò ó, àwòrán tí wọ́n sì kọ́kọ́ rí ni wọ́n mú lọ sùn. Lójú tèmi, ibí ni gbogbo wàhálà tí a ń jíròrò nínú orí yìí ti ń bẹ̀rẹ̀: ìyọ̀ǹda tí òṣèré ní láàrin àwọn tó mọ̀ ọ́n, tí òun náà sì mọ̀ wọ́n, kì í bá a rìn dé ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì.

Bí a bá wo bí àwọn baba wa ti ń ṣe é, a ó rí i pé wọ́n mọ nǹkan yìí. Wọ́n ní ọba kì í mú ọ̀kọrin, wọ́n sì mú un ṣẹ. Ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, ní òru tó ṣáájú Gèlèdé, ọ̀kọrin tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ a máa jáde sí gbàgede ọjà, a sì máa fi orin tú àṣírí olè, oníṣekúṣe àti ìjòyè tó kó owó ìlú jẹ, láìbẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó la ẹnu, ó gbọ́dọ̀ júbà, ó gbọ́dọ̀ kí àwọn ìyá tó ni òru, ìlú sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun ni wọ́n yàn. Àṣà yìí níyì tó bẹ́ẹ̀ tí àjọ UNESCO fi kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2001. Àwọn alárìnjó náà, tí wọ́n ti inú eégún yọ, kò dá ẹnikẹ́ni sí: wọ́n ń ṣe ẹ̀dà Tápà, wọ́n ń ṣe ẹ̀dà Gàm̀bàrí, nígbà tí àwọn òyìnbó arìnrìn-àjò, Clapperton àti Lander, sì dé Ọ̀yọ́-Ilé ní ọdún 1826, eré tí Aláàfin fi ṣe wọ́n lálejò parí sí ti òyìnbó kan tó rù kan egungun, tí òtútù ń mú, tó ń pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, tó ń fa áṣáà, tó sì ń rìn gbẹ́ngbẹ́-gbẹ́ngbẹ́ bí ẹni tí kò tẹ ilẹ̀ lásán rí. Ẹni tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ jókòó níbẹ̀, ó ń wò ó, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sínú ìwé fún wa. Àyè wà fún ẹnu nígbà náà nítorí pé àyè náà ní ọgbà: ọjọ́ rẹ̀ wà, ibi rẹ̀ wà, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò sì lè sá lọ lẹ́yìn tó bá sọ̀rọ̀ tán.

Nígbà tí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ wá fìdí múlẹ̀, ẹnu àwọn alárìnjó rọlẹ̀, nítorí àwọn tó gba ìrìbọmi ka eégún sí iṣẹ́ òkùnkùn. Síbẹ̀ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí kan náà ni tíátà òde òní ti jáde, èyí tí àwọn kan kò fẹ́ rántí. Ọlọ́pàá ni Hubert Ògúndé nígbà tó gbé eré ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ló sì bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Láti orí Ádámù àti Éfà ló ti bọ́ sí orí ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, láti ibẹ̀ ó bọ́ sí orí ìṣèlú, nígbà tó sì di ọdún 1964 tí ó ṣe Yorùbá Ronú, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ pé Ògúndé sọ̀rọ̀ òdì sí Ọlọ́run. Àwọn ọlọ́lá ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta bá, àwọn ọlọ́lá a sì máa bínú ju Ọlọ́run lọ.

Ọ̀ràn Dúró Ládípọ̀ tún rinlẹ̀ ju èyí lọ. Ọmọ katikíìsì ni, ilé ìjọsìn ni wọ́n ti tọ́ ọ, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ó sì kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó wá mú ìlù bàtá wọ inú rẹ̀. Ìlù Ṣàngó! Àwọn àgbà ìjọ figbe ta. A kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, nítorí kì í ṣe àìmọ̀ ló mú wọn bínú. Wọ́n mọ bàtá jù ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti jó o rí, tàbí tí Ṣàngó ti gun òbí wọn lójú wọn, tí wọ́n sì ti san nǹkan púpọ̀ láti kúrò níbẹ̀, tí wọ́n wá gbọ́ ohùn náà lẹ́yìn wọn nínú ilé Ọlọ́run. Ládípọ̀ kò bá wọn jà. Ó kó ìlù rẹ̀ jáde, ó bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo ní ọdún 1962, ní ọdún kejì rẹ̀ ni Ọba Kò So jáde, eré tí ó gbé orúkọ Òṣogbo dé Yúróòpù. Ìjọ pa ilé wọn mọ́, òṣèré rí ilé tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó pe ọlọ́pàá. Lónìí, ẹ wọ ṣọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí ní Agége tàbí Ìkẹjà ní ọjọ́ ìkórè kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ibi tí dùndún kò sí.

Kí á má ṣe gbàgbé Lámídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí tí ìdílé rẹ̀ ń gbẹ́ ère fún àwọn òrìṣà láti ayébáyé, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bámidélé ọmọ Aréógun ní ibi iṣẹ́ tí Fadá Kevin Carroll dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ Èkìtì ní ọdún 1947, tó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kátólíìkì. Ẹ̀sìn mẹ́ta pàdé ní etí àáké kan ṣoṣo, igi kò sì kọ iṣẹ́ fún ọ̀kankan nínú wọn.

Fẹlá kò ní sùúrù irú èyí. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, ni ó kọ orin ìsìn sínú àwo gramofóònù ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, bàbá rẹ̀ náà jẹ́ àlùfáà. Nígbà tí ọmọ-ọmọ wá gbé orin Shuffering and Shmiling jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó dojú kọ bíṣọ́ọ̀bù àti lèmọ́mù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ìlérí ọ̀run ni wọ́n fi ń mú kí òtòṣì fara da ìyà ayé. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ni orin náà dùn wọ́n dé egungun. Ìjọba ológun tó jó ilé rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977 kò tilẹ̀ tìtorí ẹ̀sìn jó o. Èmi rò pé ohun tó jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́sìn fara dà á ni pé wọ́n mọ ọmọ ẹni tó jẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ilé rẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ àlùfáà tó ń bá àlùfáà wí kò rí bí àjèjì tó ń bú àlùfáà. Ẹ tún fiyè sí i pé Shrine ni Fẹlá pe ibi ijó rẹ̀, ojúbọ ni ó kà á sí, pẹ̀lú pẹpẹ àti àwòrán àwọn baba ńlá. Òun náà kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tutọ́ síbẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2023, oṣù bíi mẹ́ta lẹ́yìn ọ̀ràn Ẹ̀yọ̀, gbajúgbajà olórin Davido fi díẹ̀ nínú fídíò Jaye Lo, orin Logos Olori tó wà lábẹ́ ilé iṣẹ́ orin rẹ̀, sórí íntánẹ́ẹ̀tì: àwọn ọkùnrin tó wọ jàlàbíà funfun ń kírun, lójijì wọ́n dìde, ijó bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, níbi tí Alhaji àti Deacon ti máa ń jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ya fídíò náà rò pé àwàdà inú ilé ni. Síbẹ̀, ní Èkó pàápàá, Mùsùlùmí púpọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sì dé Maiduguri, ìlú tí ogun Boko Haram ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di opó àti ọmọ òrukàn láti ọdún 2009, àwọn ọ̀dọ́ dáná sun àwòrán Davido ní ìgboro. Fídíò náà kúrò lójú òpó láàrin ọjọ́ díẹ̀. Èyí ṣì fúyẹ́. Ní Kánò, ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ilé ẹjọ́ Ṣàríà dájọ́ ikú fún ọ̀dọ́mọkùnrin olórin kan nítorí orin tó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, lẹ́yìn tí èrò ti jó ilé àwọn òbí rẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021 ni ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìdájọ́ náà, tó ní kí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́. Níbi tí ikú bá ti wọ ọ̀rọ̀ orin, kò sí ohun tí a ń pè ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì mọ́, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí á wá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò kò fẹ́ jíròrò.

Kí ni òfin wá sọ? Ìwé Òfin-Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún wa ní òmìnira ẹ̀rí-ọkàn àti ẹ̀sìn ní abala 38, ó fún wa ní òmìnira láti sọ èrò wa ní abala 39, ó sì sọ ní abala 45 pé òfin lè dín méjèèjì kù nítorí ààbò, àlàáfíà ìlú, ìwà rere àti ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì. Abala 204 nínú Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn ní tirẹ̀ fi ẹ̀wọ̀n ọdún méjì síwájú ẹni tó bá ṣe ohun tí àwọn ènìyàn kan kà sí ìwọ̀sí ní gbangba sí ẹ̀sìn wọn, bí ó bá jẹ́ pé ó ní i lọ́kàn pé kí wọ́n kà á bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ èrò ọkàn yẹn dáadáa, nítorí òun ni odi tí òfin mọ yí òṣèré ká: ìbínú àwọn ènìyàn nìkan kò tó láti sọ ọ́ di ọ̀daràn. Àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò fún gbogbo Nàìjíríà, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ní tirẹ̀ lè kọ̀ láti fún fíìmù ní ìwé àṣẹ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ó kéde pé òun yóò dẹ́kun bí wọ́n ti ń fi ògùn owó àti sìgá mímu ṣe ohun tó wuyì nínú fíìmù.

Ògùn owó yẹn ló mú mi dé ibi tí ó ń dùn mí jù lọ. Láti ìgbà tí fíìmù fídíò Yorùbá ti gbòde ni babaláwo ti di ẹni tí wọ́n ń kun ní ẹfun àti osùn, tí eyín rẹ̀ kò mọ́, tó ń ní kí wọ́n mú orí ènìyàn wá, títí tí pásítọ̀ yóò fi wọlé ní ìparí eré pẹ̀lú Bíbélì, tí ilé yóò sì wó lé baba náà lórí. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá babaláwo tòótọ́ jókòó mọ̀ pé ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ẹsẹ Ifá sórí kò jọ ẹni yìí rárá. Àwọn oníṣẹ̀ṣe ti ń sunkún ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́, àwọn alágbára kò fi bẹ́ẹ̀ yí etí sí i, títí ó fi kan Ẹ̀yọ̀, tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ Ìsàlẹ̀ Èkó jọ ń jó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí ọ̀wọ̀ ẹ̀sìn bá jẹ́ ti ẹ̀sìn tó ní èrò púpọ̀ nìkan, a ti fi ìbẹ̀rù pààrọ̀ ọ̀wọ̀ nìyẹn.

Síbẹ̀, èmi kò ní kí ìjọba fòfin de babaláwo burúkú nínú fíìmù, gẹ́gẹ́ bí n kò ti ní kí wọ́n fòfin de wòlíì èké tí Wọlé Ṣóyínká fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú The Trials of Brother Jero ní ọdún 1960, nígbà tí aṣọ funfun àwọn aládùúrà kún etí òkun Bar Beach. Wòlíì èké wà, babaláwo èké wà, bẹ́ẹ̀ náà ni lèmọ́mù èké. Ọ̀kọrin tí a bá dí lẹ́nu lórí wọn, àwọn ni yóò jàǹfààní. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ òṣèré ni iṣẹ́ púpọ̀ sí i: bí ó bá fẹ́ fi aṣọ mímọ́ bo ọ̀daràn, kí ó jẹ́ kí àjèjì tó ń wò ó rí i pé ó jí aṣọ náà wọ̀ ni, bóyá nípa fífi ẹni tó ni aṣọ náà ní tòótọ́ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì lọ jókòó ti àwọn tó ni ín kí ó tó gbé kámẹ́rà, bí Ẹ̀fẹ̀ ti ń júbà kí ó tó búni. Ìjúbà kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Ẹ̀fẹ̀ kò béèrè lọ́wọ́ olè bóyá òun lè kọrin mọ́ ọn. Ẹlẹ́sìn ní tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bínú, láti fèsì, láti lọ sílé ẹjọ́, láti ṣe fíìmù tirẹ̀, àti láti má ra ti ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ìlà náà kò kọjá ibẹ̀, bí inú ṣe wù kí ó máa bí i tó.

Iṣẹ́ àṣetiléwá: Kí kíláàsì pín sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan gbèjà àwọn àgbà ìjọ All Saints, kí èkejì gbèjà Dúró Ládípọ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ pé alátakò òun jẹ́ òpè. Lẹ́yìn náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fíìmù Yorùbá kan tó wò láìpẹ́ yìí, kí ó kọ ojú ìwé méjì lórí bí wọ́n ṣe fi àlùfáà, lèmọ́mù tàbí babaláwo hàn nínú rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ẹni tí kò mọ Yorùbá rí yóò gbà gbọ́ lẹ́yìn tó bá wò ó tán.